Orí Kẹfà: Ohùn Tó Ń Dá Ẹsẹ̀ Dúró

Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó lọ sí Ọjà'ba lásìkò tí oòrùn ti rọ̀, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ ọjà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Obìnrin kan gbé abọ́ ka orí, ó ń kígbe: "Ẹ̀kọ gbóná o!" Ó fa "o" yẹn títí ó fi gba ẹ̀yìn òrùlé kọjá. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, aláṣọ kan ò kígbe rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni: "Àǹtí mi, ẹ kàn fọwọ́ bà á wò, a kì í gba owó ìfọwọ́bà." Lápá Bẹẹrẹ, awakọ̀ maikírà yọ ọwọ́ síta lójú fèrèsé: "Mọ́lété, ó ku ẹnìkan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń polówó, iṣẹ́ tí ohùn wọn ń ṣe kò sì jọra. Ẹlẹ́kọ ń wá ẹni tí kò tíì rí i. Aláṣọ ti rí ẹni tirẹ̀, ó ń wá bí ọwọ́ ẹni náà yóò ṣe kan aṣọ. Awakọ̀ kò ní àsìkò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹni tó ti fẹ́ lọ sí Mọ́lété tẹ́lẹ̀ ló ń wá, ó kàn fẹ́ kó yára ni.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ìpolówó tó wà nínú rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́, a kì í bèèrè àgúnmu. Àgúnmu ni ewé àti egbò gbígbẹ tí a gún lúbúlúbú. A kì í bù ú mu bí ẹni bu omi. Ẹni tó gún un ló máa sọ ìwọ̀n rẹ̀: ṣíbí kan nínú ẹ̀kọ gbóná láàárọ̀, ìdajì fún ọmọdé, kí aboyún má fi ẹnu kàn án. Èyí tó sì wo ibà kò wo inú rírun. Ohun tí mo rí nínú òwe náà nìyẹn, òun náà ni mo fẹ́ fi orí yìí wò: ìpè ní ìwọ̀n, bí oníbàárà bá sì ṣe jìnnà sí owó tó fẹ́ ná ló máa ń sọ èyí tó yẹ ẹ́. Àwọn tó ń jẹun lórí àtẹ ní Ọjà'ba mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá gbé ìwé àti bírò jáde, ohun tí wọ́n bá pàdé kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà nítòsí àtẹ.

Ọjà yìí kì í ṣe ọmọdé. Ọjà Ìba ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Ìba Olúyọ̀lé tó ṣe olórí Ìbàdàn títí ó fi kú ní 1847 ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tó dúró gàgàrà lókè, tí gbogbo àlejò máa ń yà ní fọ́tò, ọdún 1929 ni Kápítéènì Ross tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí i. Ọjà ti ń pariwo kí gbọ̀ngàn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ariwo náà ná. Kí ló dé tí ẹlẹ́kọ fi ń fa ohùn? Àwọn ìró bíi f, s, k àti t kì í pẹ́ kú lójú ọ̀nà. Ariwo mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti ẹnu ẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń gbé wọn mì. Fáwẹ̀lì ló ń rìn jìnnà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì ń bá a rìn. Èdè wa rí ojú rere níbẹ̀, nítorí pé lára ohùn ni ìdajì ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ètè. "Ẹ̀kọ gbóná" bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gba àárín, ó wá gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni wà nínú yàrá ní Bẹ́yẹrúnká tí kò gbọ́ kọ́ńsónáǹtì kankan, àkàsọ̀ ohùn yẹn nìkan tó fún un láti mọ̀ pé ẹlẹ́kọ ló ń kọjá, kì í ṣe elépo. Ọmọ ilé á sì ti sáré mú abọ́.

Ariwo ní ìyọnu tirẹ̀. Ní 1911, dókítà etí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne Lombard kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ariwo bá ń pọ̀ ní etí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, onítọ̀hún á máa gbé ohùn tirẹ̀ sókè láìmọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìwà náà títí dòní, wọ́n sì ti rí i lára ẹyẹ pẹ̀lú. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọjà: èmi gbé ohùn sókè nítorí tìrẹ, ìwọ náà gbé tìrẹ sókè nítorí tèmi, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀fun gbogbo wa ti há, ẹni tí a ń pè kò sì gbọ́ ju bó ṣe gbọ́ láàárọ̀ lọ. Àwọn alágbo kan ti bọ́ nínú ìyẹn, wọ́n ti gba ìpè wọn sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ náà á máa ka orúkọ àrùn lọ ràì, jẹdíjẹdí, làkúrègbé, ibà, láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, nígbà tí olówó rẹ̀ jókòó tó ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò bú wọn. Ọ̀fun ènìyàn kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n mo ti dúró wò wọ́n pẹ́, mo sì rí i pé ẹ̀rọ náà kì í mọ̀gbà tí ẹnìkan bá dúró. Ẹni tó ní làkúrègbé ti yà, ó ti na ọwọ́ sí ìgò, ẹ̀rọ ṣì ń ka jẹdíjẹdí lé e lórí.

Àwọn àgbà Ìbàdàn ti sọ irú rẹ̀ lórúkọ. Ní 1939 ni wọ́n fa wáyà rediffusion wọ Ìbàdàn, tí àpótí kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lára ògiri ilé àwọn ènìyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe rédíò. Ìyìn wà nínú orúkọ náà, àbùkù sì wà níbẹ̀. Ọjà títà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kì í gbèsì.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń la ariwo já láìpariwo. Colin Cherry, onímọ̀ kan ní London, gbé ọ̀rọ̀ kan sí etí ọ̀tún àwọn ènìyàn, ó gbé òmíràn sí ti òsì, ó ní kí wọ́n tẹ̀lé ẹyọ kan. Ọdún 1953 ni. Ọ̀rọ̀ etí kejì kọjá lọ bí afẹ́fẹ́, wọn ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1959 ni Neville Moray wá dán an wò pẹ̀lú orúkọ ẹni náà gan-an. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́ orúkọ ara wọn láti etí tí wọn ò kọbi ara sí. Òǹtajà Bẹẹrẹ kò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó sún mọ́ ọn. "Àǹtí onígèlè àlùkò!" "Alájì onífìlà funfun!" "Ìyá Ìbejì!" bó bá rí ọmọ méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń kọjá, ẹnìkan péré ló wé gèlè àlùkò, òun nìkan ló sì yíjú.

Ewu wà níbẹ̀ o. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó pe ọmọge kan ní "Màmá" lẹ́bàá Bẹẹrẹ. Bóyá ọ̀wọ̀ ló fi ṣe. Ọmọge náà kò wo ojú ọjà, kò wo ojú ọlọ́jà, ó yà sí ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó pè é ní "Àǹtí mi tó dúdú dáadáa". Ibẹ̀ ló ti ra bàtà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aláṣọ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Ẹ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ ó rí i pé kò pe ènìyàn méjì bákan náà. Ẹni tó ń kọjá kánkán, "Ẹ yà wò ó o" ni, ìyẹn ò ná an ní nǹkan kan. Ẹni tó bá dẹ ẹsẹ̀, "Ẹ fọwọ́ bà á." Bí ọwọ́ bá ti kan án, kò ní sọ̀rọ̀ owó rárá, ńṣe ló máa tú aṣọ náà, á fi lé onítọ̀hún léjìká, á ti dígí sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á jáde, ìbéèrè ọlọgbọ́n ni: "Bùbá àti ìró ni, àbí ẹ máa yọ gèlè lára rẹ̀?" Kò bèèrè bóyá yóò rà á. Yáàdì mélòó ni wọ́n ń sọ báyìí. Ìgbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá bèèrè pé "Èló ni?" ni ìnájà tó bẹ̀rẹ̀. "Èló lẹ máa san?" "Ẹ fi nǹkan lé e." "Ẹ gbìyànjú díẹ̀ sí i."

Wọ́n ka ará Amẹ́ríkà kan, Elias St. Elmo Lewis, sí ẹni tó kọ́kọ́ to irú ìrìn yìí ní àtòpọ̀ ní 1898: kí oníbàárà fiyè sí ọjà, kó nífẹ̀ẹ́ sí i, kó fẹ́ ẹ, kó wá rà á. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìpolówó ṣì ń há a sórí. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ Lewis, òkè nìkan ló ń lọ. Kò ní àyè fún ọgbọ́n tí gbogbo ìyàwó ilé Ìbàdàn mọ̀, pé kí ènìyàn gbé aṣọ sílẹ̀, kó sọ pé "Ó dàbọ̀", kó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láìwẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni ìpè tó lágbára jù nínú ọjà máa jáde, ohùn ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun la ó fi pè é: "Ó dáa, ẹ mú owó wá." Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Ìfọwọ́bà yẹn ní agbára ju bí a ṣe rò lọ. Jonathan Freedman àti Scott Fraser gbé àbájáde kan jáde ní 1966. Wọ́n lọ bá àwọn onílé ní Palo Alto, ní California, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé pátákó ràgàjì kan tó burẹ́wà síwájú ilé wọn, tó ń sọ fún awakọ̀ kí wọ́n rọra. Ènìyàn 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Àwọn onílé mìíràn, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lẹ ìwé kékeré kan tí kò ju ìka mélòó kan lọ sójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n wá mú pátákó ńlá dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí, 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Ẹni tó ti ṣe kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gaàrí tí wọ́n bù sí ọ látẹ́lẹwọ́ kí o tọ́ wò, èlùbọ́ tí wọ́n ní kí o fi ìka méjì yọ́ wò, ìwé ojú fèrèsé ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ "torí" náà tún wà. "Torí àkọ́tà ni, ẹ gbé e lọ." "Torí pé ẹ̀yin ni." Ellen Langer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan nídìí ẹ̀rọ ṣíṣe ẹ̀dà ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ láìsọ ìdí kó lè ṣe ojú ìwé márùn-ún kí ẹlòmíràn tó ṣe tirẹ̀, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà fún un. Ẹni tó ní òun ń kánjú, 94. Ẹni tó ní "torí pé mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà", tí ìyẹn kò sì jẹ́ ìdí kan, 93. Nígbà tó di ogún ojú ìwé, ìdí òfìfo kò tà mọ́, 24 péré ló gbà, bíi ti ẹni tí kò sọ ìdí rárá. Èyí ni kò jẹ́ kí n fi "torí àkọ́tà ni" rẹ́rìn-ín. Àkọ́tà lè ta ata àti ọṣẹ. Àkọ́tà kì í ta aṣọ òkè fún ìgbéyàwó. Bí owó bá ti tó nǹkan, ẹni tó fẹ́ san án á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nínú gbogbo ìwádìí tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù kò kan ọjà. Howard Leventhal, Robert Singer àti Susan Jones ló ṣe é ní Yunifásítì Yale, wọ́n sì gbé e jáde ní 1965. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbà. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé tó dẹ́rù bani gidigidi, ti àwọn kan sì rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tí ẹ̀rù yẹ kó bà, wọ́n ní àwọn máa lọ. Wọn ò lọ. Nínú àwọn tí ìwé tiwọn kò ju "ẹ lọ gbabẹ́rẹ́" lọ, nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fi àwòrán ọgbà yunifásítì kún tiwọn, tí wọ́n yí òbìrìkìtì sí ilé ìwòsàn lára rẹ̀, tí wọ́n kọ àsìkò tí wọ́n ń fúnni lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ní kí onítọ̀hún wo ọjọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà. Nínú àwọn yẹn, 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbabẹ́rẹ́. Gbogbo wọn sì mọ ibi tí ilé ìwòsàn wà tẹ́lẹ̀! Ìfẹ́ ti wà lọ́kàn wọn, ọ̀nà ni kò sí lójú wọn.

"Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ó sọ ohun tí èèyàn máa ṣe, ó sọ bí yóò ṣe ṣe é, ó sì ti parí ìjà tí ìbá ṣẹlẹ̀ níbi tí èrò máa sọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mi ò mọ akọ̀wé ìpolówó kankan tó tíì kọ èyí tó pé jù ú lọ, ó sì yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ wọn níléèwé.

Ìpè yẹn ní baba ńlá kan. Láyé owó ẹyọ, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì lọ sóko. Iye òkúta ni iye owó. Èrò ọ̀nà tó bá fẹ́ á gbé ọjà, á fi owó ẹyọ sí ipò òkúta, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ohùn, kò sí olówó ọjà nítòsí, síbẹ̀ kò sí ìbéèrè kan tí èrò náà ní tí òkúta yẹn kò dáhùn: kí ni, èló ni, níbo ni kí n fi owó sí.

Ẹ fi ìyẹn wé pátákó kan tí mo bá pàdé nínú kọ̀rọ̀ Bẹ́yẹrúnká. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni. Wọ́n to gbogbo ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àga, ibùsùn, ilẹ̀kùn, pósí, wọ́n ya àga kan sí apá kan, wọ́n kọ "Ọlọ́run Tóbi" sórí, nọ́ḿbà fóònù wà nísàlẹ̀ tí òjò ti jẹ nọ́ḿbà méjì kúrò lára rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí àga, kò sí igi, kò sí ọ̀nà. Ìyá aláta kan ló wò mí lójú tó ní, "Kápẹ́ńtà lẹ ń wá? Ẹ gba àárín ilé méjì yẹn kọjá, tẹ́ ẹ bá rí kànga, ẹ pè é." Ìyá aláta gan-an ni pátákó. Ní Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí agboolé ti ń wọ inú agboolé, tí ẹnikẹ́ni kì í fi nọ́ḿbà ilé júwe ilé, pátákó tí kò bá sọ "ẹ bèèrè ilé báyìí, lẹ́yìn kànga", ẹ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́.

Àwọn kan máa ń ṣe àṣejù lódìkejì: ìpè márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rà á, ẹ wò ó, ẹ gba nọ́ḿbà wa, ẹ mú ọ̀rẹ́ wá, ẹ tún rí tuntun tó dé. Ìtàn jáàmù tí Sheena Iyengar àti Mark Lepper sọ ní 2000 lókìkí lórí èyí: níbi tí wọ́n pàtẹ oríṣi 24, ọ̀pọ̀ yà wò ó, àwọn tó rà á kò ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbi tí oríṣi mẹ́fà wà, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló rà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn búra o. Nígbà tí Benjamin Scheibehenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àádọ́ta irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jọ ní 2010, bí wọ́n ṣe pa wọ́n pọ̀, ipa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó jọ pé ẹni tó mọ ohun tó ń wá kì í bẹ̀rù àtẹ ńlá. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń sá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "ó ku ẹnìkan".

Ìwádìí tí gbogbo ayé fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló ṣe é, ní 1975: Stephen Worchel, Jerry Lee àti Akanbi Adewole. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ka orúkọ kẹta yẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́. Bisikíìtì ni wọ́n lò. Fún àwọn kan, bisikíìtì mẹ́wàá wà nínú ìgò, fún àwọn kan, méjì péré. Bisikíìtì kan náà ni, síbẹ̀ àwọn tó rí méjì fẹ́ ẹ jù, wọ́n sì ní ó yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn tó kọ́kọ́ rí mẹ́wàá, tí wọ́n wá gbé e kúrò lójú wọn tí wọ́n fi méjì rọ́pò rẹ̀, tún fẹ́ ẹ ju ìyẹn lọ, pàápàá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló ń dù ú. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọn ò sọ pé ó dùn lẹ́nu ju ti àwọn yòókù lọ. Fífẹ́ ló pọ̀ sí i, adùn ò kúrò lójú kan.

Ọ̀wọ́n àti èrò jọ ń rìn. Stanley Milgram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ènìyàn dúró sí títì ní New York, wọ́n ní kó máa wo òkè, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1969. Nígbà tó jẹ́ ẹnìkan, mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró tì í. Nígbà tó di ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró. Mo mọ alákàrà kan tí kì í yára dá àwọn tó kọ́kọ́ dé lóhùn. Ó máa ń ní epo ò tíì gbóná. Lójú tèmi, epo ti gbóná.

Ní ti maikírà, ẹ wọlé nígbà tó bá ní ó ku ẹnìkan, ẹ ka orí àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ "ó ku ẹnìkan" tó jẹ́ pé èmi gan-an ni ẹnì kejì. Ará ìlú ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò bínú mọ́, a kàn ń yẹjú wò kí a tó ṣí ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ò pàdánù nǹkan kan: àárọ̀ ọ̀la, èrò mìíràn ló máa gbé, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ohùn rẹ̀. Aláṣọ kò lè dán irú rẹ̀ wò. Bó bá sọ fún ọ pé yáàdì márùn-ún yìí ló kù, tí o sì rí ìdì kan náà lórí àtẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo "ẹ fọwọ́ bà á" tó bá tún sọ fún ọ láyé, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ́. Lọ́jà wa, òǹtajà ń pe òǹrajà ní kọ́sítọ́mà, òǹrajà náà ń pe òǹtajà ní kọ́sítọ́mà. Ẹni tó bá purọ́ nínú ìpè ń jẹ nínú owó tí wọ́n jọ dá.

Àwọn ọmọ òǹtajà ti gbé ìpè bọ́ sórí fóònù báyìí. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ànkárá nítòsí Ọjà'ba fi sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀ hàn mí. Aṣọ dára, fọ́tò mọ́lẹ̀ kedere. Lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ bi mí léèrè iye." Mo ní kí ló dé tí kò kọ iye? Ó ní ìyá òun kì í kọ iye. Òótọ́ ni, ìyá rẹ̀ kì í kọ ọ́, nítorí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. "Èló ni?" tí a bá sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìdáhùn rẹ̀ ti jáde kí ènìyàn tó pa ẹnu dé, ìnájà sì ti di ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Lórí fóònù, ẹni tó bèèrè lágogo mẹ́wàá alẹ́ yóò gbèsì láàárọ̀, ìfẹ́ aṣọ ti fò lọ. Òfin náà tilẹ̀ wà: èyí tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà jẹ́ kí iye rẹ̀ hàn. Mo ní kó dán òkúta àgbẹ̀ wò, iye, ìwọ̀n yáàdì, àti ohun kan ṣoṣo tí oníbàárà máa ṣe. Ó kọ ọ́ lójú mi: "Yáàdì mẹ́fà ló wà. Ẹ kọ 'ó kàn mí' ránṣẹ́, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún yín títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la." "Ó kàn mí" yẹn, òun ló ronú rẹ̀ o, èmi kọ́.

Mo kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ọjà'ba kì í tètè sùn, ọjà alẹ́ rẹ̀ ti lókìkí láti ayé fìtílà elépo, tí iná kékeré orí àtẹ kọ̀ọ̀kan ń sọ láìlanu pé ẹni tó ni ín ṣì wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti iná bátìrì ni wọ́n ń lò báyìí. Ní ìdojúkọ òkè Màpó, mo tún pàdé ẹlẹ́kọ ìṣáájú, ó ti sọ abọ́ kalẹ̀. Kò fa ohùn mọ́. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó ku mẹ́ta, ẹ bá mi gbé e, kí n máa relé." Mo yọjú wo inú abọ́. Mẹ́ta ni lóòótọ́. Mo sanwó, ó fi ewé wé wọn, ó sì fi mọ́ínmọ́ín kékeré kan ṣe ènì. Nígbà tó ń na ìdì náà sí mi, ó ní, "Ṣé kí n bá yín fi tọ̀la pamọ́?"

Mo ti dáhùn pé "Ẹ̀ẹ́n" kí n tó mọ̀.